Ìsinmi Ọ̀sẹ̀ Méjì, Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́, Owó Mọ́tò Lásán

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù ní Sèmè, bodè Nàìjíríà àti Benin. Àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ti jókòó sí ààyè wọn, ìdì náírà lórí itan kan, ìdì sẹ́fà lórí ìkejì, wọ́n ń fọwọ́ pe gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀. Mọ́tò kan tó ti Mile 2 l'Ékòó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀dọ́ mẹ́ta bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀: nọ́ọ̀sì kan, tíṣà kan, àti bíríkìlà kan tí irin tó fi ń rẹ́lé yọrí láti inú báàgì rẹ̀.

Ọ̀gá aṣọ́bodè kan gba ìwé ìrìnnà wọn, ó ṣí i, ó wo ojú wọn.

"Kí lẹ ń lọ ṣe lọ́hùn-ún?"

"A ń lọ bá wọn kọ́ ilé ìwé ni, sà," bíríkìlà dáhùn. "Ní Tógò."

"Èló ni wọ́n máa san?"

"Wọn ò ní san nǹkan kan, sà. Àwa gan-an la máa san owó oúnjẹ wa."

Ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ ní tábìlì tó tẹ̀ lé e pé kó wá gbọ́ nǹkan: àwọn ọmọ Nàìjíríà kan rèé tí wọ́n ń ná owó ara wọn lọ ṣe lébìrà nílẹ̀ onílẹ̀. Ìyẹn náà rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá òyìnbó ló rán wọn. Nígbà tí wọ́n ní rárá, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé wọn, ó ní kí Ọlọ́run bá wọn lọ.

Ẹ̀rín yẹn nídìí. Lójú ọ̀pọ̀ wa, òyìnbó ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ òkèèrè wà fún. Òun ló ń pọn àpò sẹ́yìn wá, tó ń gbẹ́ kànga, tó ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń ya fọ́tò lọ sílé. Tiwa ni ká gbà, ká dúpẹ́. Bí ọmọ Yorùbá bá ré bodè kọjá, a mọ̀ pé ọjà ló lọ rà tàbí kó lọ tà, tàbí ìwé ló lọ kà, tàbí kó kúkú ti japa. Pé èèyàn gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, kó lọ fi po sìmẹ́ńtì ní abúlé tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹni tí owó ń dà láàmú ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba àpapọ̀ gan-an ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ètò tí wọ́n ń pè ní Technical Aid Corps ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, tíṣà àti ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà lọ sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, títí kan erékùṣù Kàríbíánì àti ti Pàsífíìkì, fún ọdún méjì. Ẹni tó bá lè fi ọdún méjì sílẹ̀ nìyẹn yẹ fún. Èyí tí à ń sọ níbí jẹ́ ti àwọn tí kò ní ju ìsinmi ọdọọdún lọ, tí owó oṣù wọn kò sì tó nǹkan.

Ibi tí owó ń gbà lọ

Nínú ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ kọ́ ló ń tú àpò èèyàn, ibùsùn náà kọ́. Bàálù ni, àti físà. Ní oṣù kẹrin 2025, físà àlejò olóṣù mẹ́fà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di £127. Ti àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù di €90 ní oṣù kẹfà 2024. Wọ́n fún ọ, wọn ò fún ọ, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ wá fi owó ajẹ́ntì tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù lé e, àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó lè gbé owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ fún oṣù gbọọrọ. Kí olúwarẹ̀ tó débi tí yóò ti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ká gba orí ilẹ̀ lọ. Láti Èkó sí Kútọnu, nǹkan bíi kìlómítà 120 ni. Láti Kútọnu sí Lomé, bíi 150. Lomé sí Àkrà kò ju bíi 200 lọ. Títì etíkun kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀, ó sì lọ títí dé Abidjan. Ẹni tó bá tètè jí ní Èkó, tí bodè kò sì dá a dúró jù, lè sùn ní Lomé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò sí físà ní gbogbo ọ̀nà yìí. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1975. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní 1979, àwọn olórí fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè wọ ti ìkejì, kó sì wà níbẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ìwé ìrìnnà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti káàdì àjẹsára ni wọ́n ní kó mú dání. Burkina Faso, Mali àti Niger jáde nínú àjọ náà ní oṣù kìíní 2025, ṣùgbọ́n Benin, Tógò àti Gáná ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, náà gba àlàyé, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dàrú. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ owó Yúróòpù: €1 jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí náírà bá já wálẹ̀ níwájú owó Yúróòpù, sẹ́fà á wọ́n lójú wa lójijì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Kútọnu kò yí padà. Ìyá kan tó ti ń ṣòwò aṣọ láàárín Èkó àti Lomé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní òun kì í dúró di Sèmè kí òun tó pààrọ̀ owó. Láti ìgbà tí ìrìn bá ti wà lọ́kàn òun ni òun ti ń rà á díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn nílò láti pààrọ̀ rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ kọjá sí Gáná.

Ẹ̀fọn ò mọ̀wé kà

Fún ẹni tí kò tíì ní páspọ́ọ̀tù rí, ó wà lára àwọn ìnáwó tó tóbi jù nínú ìrìn yìí. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún ti di ₦100,000. Olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá di ₦200,000. Ó wọ́n, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kí èèyàn dì í lé ìrìn kan ṣoṣo lórí.

Yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì àjẹsára, ni ìwé kejì. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí káàdì náà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti oṣù keje 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà, ẹni tó bá ní káàdì rẹ ti kú torí pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá kò gbọ́ ìròyìn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ní irú wọn máa ń pa òun lẹ́rìn-ín: aṣọ́bodè ló ń ka ìwé, ẹ̀fọn ò mọ̀wé kà.

Ní ti ojú ọ̀nà, kò sí ohun tuntun tí a fẹ́ sọ fún ẹni tó bá ti gba Badagry kọjá rí. Ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró pọ̀. Àwọn awakọ̀ ní kí èrò mú ìwé lọ́wọ́, kó má fi ìkánjú bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó sì rìn lójúmọmọ. Bí agbèrò bá wá ń rọ̀ ọ́ pé òun á fi ọ̀kadà gbé ọ gba ẹ̀yìn ìgbẹ́, má dá a lóhùn. Ẹni tí wọn ò lu òǹtẹ̀ fún nígbà tó ń wọlé ló máa ń rí ìjàngbọ̀n nígbà tó bá ń jáde. Ohun kékeré kan tún wà tó máa ń yọ àlejò lẹ́nu: ní Hilla-Condji, níbi tí Benin ti bá Tógò pààlà, aago ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan.

Èdè ńkọ́? Faransé ni ti ìjọba ní Benin àti Tógò, ó sì ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè fi Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀, àwọn ìlú Benin tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá tó bá gbé lọ láti ilé á tó o rajà, á sì tó o kí àgbà. Àjàṣẹ́ ni Songhai wà, oko ẹ̀kọ́ tí Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ ń di oúnjẹ fún ẹja, ìdọ̀tí ń di gáàsì ìdáná, kò sí ohun tí wọ́n ń dànù. Àgbẹ̀ tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ ni wọn yóò fún ní nǹkan, kì í ṣe òun ni yóò fún wọn, ìyẹn náà sì dára.

Iyanrìn, omi àti ọ̀gá bíríkìlà

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni ohun tí wọ́n ń pè ní wọ́kìkáǹpù, àgọ́ iṣẹ́. Ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Ní 1920, Pierre Cérésole, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kó àwọn ènìyàn díẹ̀ lọ sí abúlé Esnes nítòsí Verdun, nílẹ̀ Faransé, níbi tí ogun àgbáyé kìíní ti wó ilé palẹ̀. Àwọn ará Jámánì wà láàárín wọn. Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tún ohun tí ìbọn àwọn ènìyàn wọn bàjẹ́ ṣe. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, iṣẹ́ sì dúró, torí pé àwọn kan ládùúgbò náà ò lè gba ará Jámánì mọ́ra. Inú ìgbìyànjú yẹn ni ẹgbẹ́ Service Civil International ti jáde, ó wà títí dòní. Mo fẹ́ràn ìtàn náà nítorí ibi tó parí sí: ọkàn rere nìkan ò tó, onílé gbọ́dọ̀ fẹ́ ọ.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ á dárúkọ ẹgbẹ́ VOLU ní Gáná àti ASTOVOT tó fi Kpalimé, ní Tógò, ṣe ibùjókòó. Kpalimé jẹ́ ìlú olókè, nǹkan bíi kìlómítà 120 sí Lomé, ilẹ̀ kọfí àti kòkó, kò sì jìnnà sí òkè Agou tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni àgọ́ iṣẹ́ sábà máa ń gbà, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń bọ́ sí oṣù keje títí dé oṣù kẹsàn-án nígbà tí ilé ìwé wà ní ìsinmi. Olùkópa á san owó kan tó kó oúnjẹ àti ibùsùn mọ́ra. Owó mọ́tò kò sí nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá kàn sí ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ tààrà, láìgba ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Yúróòpù, owó náà máa ń dín, ó sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ gan-an.

Inú kíláàsì ni wọ́n ń sùn, lórí ẹní, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn so mọ́ fèrèsé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹni tó kan láti dáná ti ń fẹ́ná. Láàárọ̀ kùtù, gbogbo wọn ti wà nídìí iyanrìn, ẹni tó ń gbọ̀n ọ́n ń gbọ̀n ọ́n, ẹni tó ń fi páànù gbé e ń gbé e. Kí oòrùn ọ̀sán tó mú, wọ́n ti ń ṣíwọ́. Ìrọ̀lẹ́ wà fún odò, bọ́ọ̀lù, àti àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń gbìyànjú láti kí wọn ní èdè Ewe. Ẹni tó bá ti ilé lọ pẹ̀lú èrò hòtẹ́ẹ̀lì á sunkún.

Tíṣà kan tó ti ṣe é rí sọ ohun tó rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní kó po sìmẹ́ńtì tí wọn yóò fi gé búlọ́ọ̀kù, ó da omi sí i títí ó fi ń ṣàn. Ọ̀gá bíríkìlà abúlé náà, bàbá kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò bá a jà. Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ó da iyanrìn àti sìmẹ́ńtì gbígbẹ yí i ká, ó ń kó o láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín títí ó fi dì. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó la ọwọ́. Èyí tó fún náà dúró pọ̀, kò fọ́, omi kò sì kán nínú rẹ̀. Ó ní kí tíṣà náà ṣe é wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é kí bàbá náà tó mi orí.

Ọ̀gá bíríkìlà yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Bí àlejò ogún bá ya wọ abúlé, tí wọ́n ń mọ ilé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni bíríkìlà ibẹ̀ yóò jẹ? Òṣìṣẹ́ kan tó ti ń bá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ní ìbéèrè tí òun kọ́kọ́ máa ń bi ẹgbẹ́ tó bá ń pe èèyàn wá nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n á sanwó fún bíríkìlà àti káfíńtà ìlú, wọ́n á fi wọ́n ṣe ọ̀gá, àlejò á sì di lébìrà lábẹ́ wọn. Ilé tí àlejò tí kò mọ iṣẹ́ mọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá lọ ni wọ́n máa ń wó o tún mọ.

Iṣẹ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì ò gbà

Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀. Olóko ló ń pe èèyàn, olóko ló ń na ìka sí ibi tí iṣẹ́ wà, olóko náà ló mọ ibi tí kò fẹ́ kí wọ́n dé. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ́ wọ oko olóko, kó ní òun wá ràn án lọ́wọ́, kó sì máa tu ẹ̀gẹ́ tí olóko ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìrìn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ káàkiri ayé nìyẹn gẹ́lẹ́.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ti ilé ọmọ aláìlóbìí. Ní Cambodia, láàárín 2005 sí 2010, iye irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbèrú. Ogun kọ́ ló fà á, àjàkálẹ̀ àrùn náà kọ́. Àwọn arìnrìn-àjò ló fẹ́ wá gbé ọmọ mọ́ra, wọ́n sì ń sanwó fún un, nítorí náà àwọn kan ń kó ọmọ jọ fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ní ìyá tàbí bàbá láyé; òṣì ló mú kí òbí wọn gbà láti fi wọ́n sílẹ̀. Ní 2018, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọsirélíà sọ̀rọ̀ nípa irú kíkó ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin tó lòdì sí ìkónilẹ́rú òde òní. Onímọ̀ kan nípa ìtọ́jú ọmọdé ṣàlàyé pé ọmọ tí àlejò mẹ́wàá bá dì mọ́ra láàárín oṣù mẹ́fà, tí gbogbo wọn sì lọ, á dẹ́kun àtigba ẹnikẹ́ni gbọ́. Èrò tèmi lórí èyí kò lójú méjì: bí ìwé ìpolówó bá ti fi àwòrán ọmọ aláìlóbìí pè ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pa á dé.

Ti ìṣègùn tẹ̀ lé e. Ohun tí òfin kò gbà kí o ṣe n'Íbàdàn, má ṣe é ní Kpalimé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ rán ojú ọgbẹ́ torí pé abúlé ni ó wà. Nọ́ọ̀sì tó ní ìwé ẹ̀rí gan-an, abẹ́ nọ́ọ̀sì ìlú ni kó ti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bíbá a ṣètò fáìlì àwọn aboyún tàbí kíka oògùn tó wà nílẹ̀ ló wúlò jù fún un.

Kí ló wá ṣẹ́kù? Ó pọ̀. Iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni: gbígbin igi, kíkun ilé ìwé, gígé búlọ́ọ̀kù, títo ilé ìkàwé, títún kọ̀ǹpútà ilé ìwé ṣe, kíkọ́ àwọn ìyá oníṣòwò ní bí wọ́n ṣe ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Tíṣà kò lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ ó lè jókòó pẹ̀lú tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ ṣe ohun èlò ìkọ́ni tí yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ.

Káàdì tó já bọ́ n'Íbàdàn

Àwa Yorùbá mọ bó ṣe ń rí lára onílé, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní oṣù kẹwàá 1961, Margery Michelmore, ọ̀dọ́mọbìnrin ará Amẹ́ríkà, wà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Íbàdàn. Peace Corps, tí Ààrẹ Kennedy dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ló rán an wá. Ó kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìyà àti ìdọ̀tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé ojú títì ni àwọn èèyàn ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n ti ń tajà, tí wọ́n ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Káàdì náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Wọ́n rí i he. Kò pẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ ti kárí ọgbà. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan tó gba òmìnira ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárí gá, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní kí àwọn àlejò náà máa lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, Peace Corps sì wà ní Nàìjíríà fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i.

Kò purọ́ púpọ̀, ẹni tó bá mọ Íbàdàn ayé ọjọ́un á gbà. Ohun tó dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ó ń kí wọn lójú, ó ń ṣàpèjúwe wọn lẹ́yìn. Lónìí, kò dìgbà tí káàdì bá já bọ́. Fóònù ti wà lọ́wọ́ ọmọ Èkó tó lọ sí abúlé Tógò, ó ya ọmọ tí kò wọ bàtà, ó kọ "ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń jìyà" sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e sórí Facebook. Àwọn ará abúlé náà ní fóònù pẹ̀lú. Wọ́n ń wò ó.

Àwọn tó ń fi í jẹun

Oníjìbìtì ò pẹ́ tó fi mọ ọ̀nà yìí. Ìwé ìkésíni á dé sórí WhatsApp: ẹ wá ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Kánádà, físà dájú, ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Òṣogbo sọ pé òun ta ọ̀kadà òun kí òun tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dárúkọ fún òun kò sí níbì kankan láyé. Ètò olùyọ̀ǹda ara ẹni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UNV, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ gidi tó bá ń gba owó ìkópa á lè sọ fún ọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì lè fún ọ ní nọ́ńbà ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá. Pe ẹni náà. Bi í léèrè ohun tó jẹ, ibi tó sùn, àti bóyá iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é wà lóòótọ́ nígbà tó débẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní físà àlejò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, bóyá torí ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ tó wà lọ́hùn-ún, lè fi díẹ̀ nínú ọjọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láìrú òfin: òfin ibẹ̀ gba ọgbọ̀n ọjọ́ lápapọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìyá kan láti Abẹ́òkúta tó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní London ń lọ ran àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ní jíjókòó ti tẹlifíṣọ̀n nínú òtútù nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ síbi iṣẹ́ ló sú òun.

Owó ọkọ̀ àbí àpò sìmẹ́ńtì?

Ìbéèrè kan kù tí àwọn tó ń gba àlejò máa ń bi ara wọn. Olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Tógò gbé e kalẹ̀ láìfi bò: bí àlejò ogún bá ti Yúróòpù wọ bàálù wá kọ́ kíláàsì kan, ṣé kò ní sàn kí wọ́n fi owó bàálù náà ránṣẹ́, kí abúlé fi kọ́ ilé ìwé mẹ́ta, kí àwọn bíríkìlà sì rí iṣẹ́ ṣe? Àwọn tó ń ṣètò ìrìn láti Yúróòpù kì í fẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò yẹn lójú wọn, torí olórí ẹgbẹ́ náà ló jàre.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣe é fún ẹni tó ti Mile 2 lọ. Owó mọ́tò rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ kò lè ra ju àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan lọ. Bó bá fi owó náà ránṣẹ́, kò tó fi ilẹ̀ yàrá kan ṣe. Bó bá fi gbé ara rẹ̀ lọ, ó di lébìrà tí kò ní gba owó fún ọjọ́ méjìlá, owó oúnjẹ rẹ̀ sì ń wọ ọjà abúlé. Nígbà tí a gbé ìṣirò náà padà fún olórí ẹgbẹ́ yẹn, ó ní òun gbà, pẹ̀lú ohun kan tó fi lé e: kí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá ń bọ̀ máa kọ̀wé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n mọ̀. Bíríkìlà ti pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ni àwọn ń wá.